Agbo Abẹ́ Igi Ìyeyè

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Kò sí ìjàpá nínú rẹ̀, ẹnì kankan ò sì ní gbe orin. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn wà láàrin orí. Ibà ò mú mi lọ́jọ́ náà. Ọtí ò sì kan ẹnu mi.

Àwọn ará ilé ọkọ mi mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ lọ bi wọ́n, wọn yóò ní arúgbó ń ṣàrán. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ẹ sún mọ́ mi. Mi ò fẹ́ pariwo rẹ̀.

Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí ló mọ̀ mí sí ìyá tí kì í lọ sí agbo. Bí wọ́n bá ti ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lójúde, èmi ti ti ilẹ̀kùn mi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé n kò fẹ́ràn orin ni. Èmi kẹ̀! Agbo wo ló wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ọ̀yọ́ yìí tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí?

Mo mọ agbo Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn èrò ọjà bá ń palẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin, kí ó máa lọ sílé rẹ̀, nítorí ewúrẹ́ ń ké, àwọn alápatà ń bú ara wọn, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ sì ń béèrè ibi tí o ti ra iṣu. Síbẹ̀, bí asunrárà kan bá lè dá ohùn ní Ọjà Igbó kí àwọn alápatà dákẹ́ fún un, ẹ mọ̀ pé ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ agbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà. Ògiri ilé ńláńlá ló yí ojúde ká níbí. Bí ohùn bá jáde, ògiri a dá a padà, ìwọ a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn asunrárà Ọ̀yọ́! Wọ́n á kọ́kọ́ wo aṣọ ọrùn rẹ kí wọ́n tó mọ irú ọmọ tí o jẹ́. Bí aṣọ rẹ bá ti gbó, baba rẹ ò ní oríkì lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Kò sí èyí tó dà bí agbo tiwa ní Ìkòyí, kí ogun tó fọ́ ọ.

Abẹ́ igi ìyeyè ńlá kan ni, ní iwájú ilé ọkọ mi. Ní àkókò òjò, tí ìyeyè bá pọ́n, a máa já lu èrò agbo lórí. Bí wọ́n bá ń pe oríkì rẹ lọ́wọ́ tí ìyeyè sì bà ọ́ lórí, wọ́n á ní baba ńlá rẹ ló dáhùn. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé á ṣa á jẹ. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ìyeyè lọ́jà, ṣe ni mò ń yẹra fún ẹni tó ń tà á.

Ọmọ ilé wa ni asunrárà tó dára jù níbẹ̀. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Nítorí náà Olóhùn-Iyọ̀ ni mò ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọjọ́ orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyálé mi, Àbẹ̀kẹ́, ló bí i, òun nìkan sì ni ọmọ tó dúró fún un.

Àṣà kan wà ní agbo wa tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. A kì í dúró lọ́ọ̀ọ́kán ju nǹkan sí asunrárà bí ẹni ń ju egungun sí ajá. Bí ó bá pe oríkì rẹ tó wọ̀ ọ́ lára, ìwọ yóò bọ́ ìborùn rẹ, ìwọ yóò rìn wọ àárín agbo, ìwọ yóò fi bò ó léjìká. Òun náà yóò fi ọwọ́ di etí aṣọ náà mú. Dídì tó dì í mú yẹn ni ọpẹ́.

Ní gbogbo ìgbà tí Olóhùn-Iyọ̀ bá kọrin, ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bọ́ aṣọ. Ìborùn ẹtù kan ló ní, dúdú bí aró, ìlà funfun tín-ín-rín wà lára rẹ̀. Ọmọ á gbà á níwájú gbogbo ayé. Nígbà tó bá yá, á fọ̀ ọ́, á sá a sórí ọgbà ẹ̀yìnkùlé fún ìyá rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Aṣọ kan náà ni ìyá ń fún ọmọ, tí ọmọ ń fún ìyá.

Àgbẹdọ̀ ni kí ogun wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó wọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ni, agbo ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí mo rántí ni eruku ẹṣin, lẹ́yìn náà igbe. Bàbá Ládòkun olójú kan, tó máa ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún Olóhùn-Iyọ̀, ọ̀kọ̀ gún un lábẹ́ igi ìyeyè níbẹ̀. Mo rí òkú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo gbà kọjá kí n tó sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí dáadáa, màá padà sí i.

Olóhùn-Iyọ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rí i láàyè lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀.

Bí a ṣe ń sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mìíràn ru àgbàdo, àwọn mìíràn pọn àgbàlagbà. Ìyálé mi gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọmọ rẹ̀, èyí tí Bàbá Ládòkun máa ń lù fún un. Bó bá ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dún. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jù ú nù kí àwọn ológun má baà gbọ́ wa nínú igbó. Ó fi ìborùn ẹtù yẹn wé e títí ó fi dákẹ́, ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní ọmọ òun yóò béèrè rẹ̀.

A tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ará ilé ń sọ pé kí Àbẹ̀kẹ́ gba kádàrá, kí ó sọkún ọmọ rẹ̀ kó tán. Ó kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un lẹ́rú, wọ́n lè yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n lè fá orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa ṣe sí ohùn? Ibi tí orin bá wà, ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Bí a ṣe di èrò agbo nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe fàájì. Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ọdún, a ó dúró lẹ́yìn èrò, èmi àti ìyálé mi, òun yóò di ojú rẹ̀, yóò máa gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan. Bí asunrárà náà bá parí, yóò mi orí. "Kì í ṣe òun." A ó sì máa lọ. Gbogbo orin tó dùn ní ilẹ̀ yìí ni mo gbọ́ pẹ̀lú obìnrin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá lóró.

Mo sì dé ibi tí mò ń lọ wàyí. Ẹ fara balẹ̀.

Ó di àkókò kan tí ọ̀nà Ìkòyí rọ̀ díẹ̀. Igi ẹ̀mí ilé wa ṣì wà níbẹ̀, ó ń so, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Baálé wa, àgbà ilé ọkọ mi, ní kí a lọ ṣa á kí a lè ṣe òrí. Èmi ni, ìyálé mi ni, àti àbúrò ọkọ wa kan tí àwa ìyàwó ilé ń pè ní Gògòrò nítorí pé ó ga. Òun ló mú ọrun àti ọfà dání nítorí àwọn ajínigbé. A sùn ní abà kan lọ́nà, a dé Ìkòyí bí ìrì ṣe ń gbẹ.

Kò sí ìlú níbẹ̀ mọ́. Ògiri ti wó di òkìtì, koríko ti bò ó. Igi ìyeyè wa, àwọn ológun ti gé e fi dáná. Kùkùté rẹ̀ ló kù. Mo ń sọ fún yín pé orí kùkùté yẹn ni a jókòó sí, a jẹ ẹ̀kọ. Mo fi ọwọ́ mi kan ibi tí iná ti jó o dúdú. Lẹ́yìn náà a pín sínú igbó, oníkálukú ń ṣa ẹ̀mí tirẹ̀.

Nígbà tí oòrùn mú gan-an, mo ru agbọ̀n mi padà sí ibi kùkùté náà. Bí mo ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, mo rí i pé ara tù mí. Mo rò pé ìkùukùu ló bo oòrùn. Mo nu ojú mi, mo sì dúpẹ́ nínú ara mi.

Nǹkan kan já bà mí lórí.

Mo wo ilẹ̀. Ìyeyè ni, ó pọ́n, ó ti fọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé ojú sókè, ewé ni mo rí. Ewé rẹpẹtẹ, ẹ̀ka ń mì lórí mi, ibi tí kùkùté wà láàárọ̀ yẹn.

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò lè sá.

Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kò jìnnà. Kò tilẹ̀ ju ibi tí mo dúró sí lọ. Agbo pé níwájú mi, wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, àwọn àgbà lórí àpótí, àwọn obìnrin lápá òsì, ẹ̀yìn gbogbo wọn sì kọ sí mi. Kò sẹ́ni tó wò mí. Bàbá Ládòkun ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láàrin wọn, òun nìkan ló kọjú sí ọ̀dọ̀ mi, ojú kan tó kù fún un dì pa bó ṣe máa ń dì í bí orin bá dùn mọ́ ọn. Kò dàgbà sí i. Kò sí ihò ọ̀kọ̀ lára rẹ̀. Mo mọ àwọn yòókù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kú sí.

Mo gbọ́ mímí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyálé mi ni. N kò mọ ìgbà tó dé.

"Ìyàwó," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ìwọ náà ń rí i?"

"Mo ń rí i, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Dákẹ́. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin tó dúró láàrin agbo yí ojú sí wa. Olóhùn-Iyọ̀ ni.

Ẹ tẹ́tí sí èyí o. Irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun. Ìbàdí rẹ̀ ti gbòòrò, awọ ọrùn rẹ̀ ti rọ̀, bí tèmi náà ṣe rọ̀. Gbogbo àwọn tó yí i ká wà bí ogun ṣe bá wọn lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló ti dàgbà.

Ó la ẹnu, ó sun rárà sí ìyá rẹ̀:

Àbẹ̀kẹ́ o, ìyá tó pọ̀n mí rodò,
Tó tún pọ̀n mí rọjà,
Ẹ̀yìn ń ro ó, kò sọ̀ mí.
Òjò pa mí, mo dúró,
Oòrùn pa mí, mo dúró,
Àbẹ̀kẹ́, aṣọ rẹ ni mò ń retí.

Olúwa mi, ohùn yẹn! Kò yí padà. N kò gbọ́ irú rẹ̀ ní Ọjà Igbó, n kò gbọ́ ọ ní Ọ̀yọ́, n kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ kí n tó kú. Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ inú mi dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ìyálé mi bọ́ ìborùn ẹtù náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó já a gbà. Ó rìn wọ àárín agbo, àwọn òkú sún ẹsẹ̀ fún un kó kọjá. Ó fi aṣọ náà bo ọmọ rẹ̀ léjìká. Olóhùn-Iyọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó di etí rẹ̀ mú. Mo rí ìka rẹ̀ lórí ìlà funfun.

Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò lára ìyá rẹ̀, ó wò mí.

Ó bẹ̀rẹ̀ oríkì tèmi. N kò ní pè é fún yín. Oríkì tí ìyá mi fún mi ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ju ará ilé lọ. Ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ baba mi. Ọwọ́ mi ti wà lára gèlè mi, ẹ ò rí i, n kò mọ ìgbà tí mo gbé e síbẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?"

Gògòrò ni. Ó ti inú igbó jáde sẹ́yìn mi, ó fa ọrun, kò mọ ẹni tí yóò ta.

"Ta ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀?" ó béèrè.

"Ṣé ẹ ò rí wọn ni?" mo bi í.

"N kò rí ẹnì kankan. Ìyá nìkan ni mò ń rí, wọ́n dúró ti kùkùté."

Kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ míì. Ó sáré wọ ibẹ̀, ó gbé ìyálé mi lé èjìká bí ẹni gbé igi ìdáná, ó fi ọwọ́ kejì fà mí. Agbọ̀n ẹ̀mí wa wà níbẹ̀ dòní. Ìyálé mi ń ta ẹsẹ̀, kò pariwo, ó kàn ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ọkùnrin náà: "Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Gbé mi kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbóná."

Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Kùkùté ló wà níbẹ̀, oòrùn ń pa á. Kò sí igi. Kò sí agbo. Aṣọ ẹtù náà ò sì sí nílẹ̀.

Nígbà tí a délé, baálé wa pe àwọn àgbà jọ. Gògòrò ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó sọ tẹnu rẹ̀, nítorí ọkùnrin ni. Ó ní òun gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ní òun rí Àbẹ̀kẹ́ tó tẹ́ aṣọ sórí kùkùté, pé aṣọ náà bo kùkùté bí wọ́n ṣe ń bo òkú. Èmi ní irọ́ ni, Olóhùn-Iyọ̀ dì í mú ni, mo rí ọwọ́ tó dì í mú.

Ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá kú, àwọn tirẹ̀ ló ń mú aṣọ wá bò ó. Ohun tí wọ́n dì mú nìyẹn. Baálé wa mi orí, ó dà bí ẹni tí ẹrù sọ̀ lórí rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ó wá gba aṣọ òkú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ni. O ti fi ọwọ́ ara rẹ sin ín. Jẹ́ kó sinmi, kí àwa náà sinmi."

"Baálé," mo kúnlẹ̀, "ẹ má bínú. Irun rẹ̀ ti funfun. Gbogbo àwọn yòókù wà bí wọ́n ṣe wà, òun nìkan ló dàgbà. Òkú kì í hewú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo búra fún yín, àwọn àgbàlagbà yẹn rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó yìí mà láyà o," baálé wa ní. "O dúró láàrin òkú, irun lò ń wò."

Ìyálé mi ò bá wọn jà. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó fi àyà lé ilẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ó máa ń fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà fún mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí kò bá wá, ẹ ṣe bó ṣe wù yín."

Ẹ̀bẹ̀ kékeré kọ́ nìyẹn? Kí ni ì bá ná wọn? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní bí a kò bá tètè parí ọ̀rọ̀ òkú náà, yóò wá máa pe àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ yàrá ìyálé mi, wọ́n gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó gbé sá ogun, wọ́n sì lọ fọ́ ọ ní oríta tó já sí ilé wa, bí àwọn ará ilé ọkọ mi ṣe máa ń fọ́ ohun ìní òkú. Mo gbọ́ ọ nígbà tó fọ́. Àwọn owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ ọn fọ́n káàkiri ilẹ̀.

Ìyálé mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kò sọkún. Ó ní kí n lọ sùn.

Ní òwúrọ̀, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti gbálẹ̀. Ìborùn ẹtù wà lórí ọgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yẹn, ẹ máa wò. Mo fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ṣì tutù, òórùn ọṣẹ dúdú ń bọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n sá a bí Olóhùn-Iyọ̀ ṣe máa ń sá a, wọ́n ká etí rẹ̀ sábẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Ìyálé mi ló bá mi níbẹ̀. Ó mú aṣọ náà, ó gbé e sí imú, lẹ́yìn náà ó fà mí lọ́wọ́, a lọ sí oríta.

Àkúfọ́ igbá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ò kù. Ẹni kan ti ṣa gbogbo wọn, àti okùn tí wọ́n fi so wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó: ta ni yóò ṣa ẹyọ òkú ní oríta? Olè pàápàá ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹni tó ni ín nìkan ni.

Ìyálé mi dúró, ó ń wo igbá tó fọ́ náà.

"Ó délé," ó ní. "Ó bá ara rẹ̀ ní òkú, ó sì padà."

Baálé wa ní ọdẹ kan ló rí aṣọ ní Ìkòyí tó sì bá wa mú un wá. Ọdẹ wo? Ọdẹ wo ló ń fọ aṣọ aláṣọ, tí kì í dúró gba ẹ ṣeun? Ó ní kí n lọ wá nǹkan ṣe.

Ìyálé mi da ẹtù tútù náà bo èjìká, ó kọrí sí ọ̀nà Ìkòyí ní òwúrọ̀ náà gan-an. Mo tẹ̀lé e dé ibi tí ilé tán sí. Ó yà, ó fi ọwọ́ kàn mí lójú, ó ní, "Padà, ìyàwó mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oríkì tìrẹ, má jẹ́ kó parí rẹ̀." Ìyẹn lọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ.

Wọ́n wá a títí. Gògòrò pàápàá lọ dé ibi kùkùté, kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ajínigbé ló gbé e. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe òkú rẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Wọ́n sin ọmọ láìrí òkú rẹ̀, wọ́n sin ìyá láìrí òkú rẹ̀. Ìdílé ọkọ mi mọ òkú sin ju kí wọ́n mọ alààyè tọ́jú lọ, ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo bá ọmọ mi wá sí Ọ̀yọ́ níbí. Àwọn tó ń ṣa ẹ̀mí ní apá Ìkòyí máa ń sọ nígbà mìíràn pé àwọn gbọ́ ohùn obìnrin méjì lọ́sàn-án, ọ̀kan ń lé, ọ̀kan ń gbè. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n rí irun wọn. Wọ́n a rò pé orí mi dàrú.

N kò mọ̀ bóyá òkú ni Olóhùn-Iyọ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀dá alààyè tó ń kọrin fún òkú ni, nítorí àwọn nìkan ló ṣẹ́kù tó ń retí rẹ̀ ní agbo. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wá sílé, a ò sì gbà á.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹni tí ẹ kò bá rí òkú rẹ̀, ẹ má fọ́ igbá rẹ̀. Bí ó sì bá di pé ẹ gba ibi tí ogun ti jà kọjá lọ́sàn-án, tí ìyeyè bà yín lórí níbi tí kò sí igi, ẹ má dúró gbọ́ orin, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ má bọ́ aṣọ.

Ẹ ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń lù lójúde yìí báyìí? Ó dùn, àbí? Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Olóhùn-Iyọ̀ ti dé orúkọ baba mi nínú oríkì mi lọ́jọ́ náà kí Gògòrò tó fà mí. Ìlà kan péré ló kù.